Bí a ṣe ń wá àyè PhD tí owó ti wà nílẹ̀ fún, láti Ìkòròdú

Sìkọ́láṣíìpù kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jáde ní LASUSTECH, yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Èkó tó wà níbí, tàbí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) ní Ẹ̀pẹ́, ni kò mọ̀ pé nínú sáyẹ́ǹsì, orí iṣẹ́ ìwádìí ni owó sábà máa ń wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n á gba owó, á wá máa wá ẹni tó máa bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ wádìí. "Mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí iná mànàmáná" kò tíì tó nǹkan kan. Ẹ wo Egbin tó wà nítòsí wa, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì. Inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń fa omi tó ń mú ẹ̀rọ ibẹ̀ tutù. Kí ni omi gbígbóná tó ń padà síbẹ̀ ń ṣe fún ẹja? Ǹjẹ́ ooru tó ń ṣòfò yẹn lè wúlò? Ìbéèrè nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ibi tí ẹ ń lọ. Ní Sweden, Norway àti Netherlands, òṣìṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ka ẹni tó ń ṣe PhD sí: ó ń gba owó oṣù, ó ń san owó orí. Ọ̀pọ̀ ibi ní Jámánì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, DAAD, àjọ Jámánì tó ń fúnni ní sìkọ́láṣíìpù, sì tún ń fún àwọn kan lówó. Yúróòpù sábà máa ń béèrè máàsítà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ nìkan, ẹ ó máa ṣèrànwọ́ nínú ìkọ́ni tàbí ìwádìí, wọ́n á san owó ilé-ẹ̀kọ́ yín, wọ́n á sì fún yín lówó ìgbọ́bùkátà. Ẹni tí kò fẹ́ kúrò ní Áfíríkà, kó wo Pan African University tí àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà (AU) dá sílẹ̀. Ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn àti ní Kẹ́ńyà.

Lẹ́tà ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹ ka iṣẹ́ kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, kí ẹ kà á tán. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́, a kú ọjọ́ mẹ́ta, ìdílé ńkọ́". Lọ́dọ̀ wa ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ẹni tí lẹ́tà kún iwájú rẹ̀ kò ní kà á dé ìlà kẹta. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe nínú pírójẹ́ẹ̀tì tiyín, kí ẹ béèrè gbangba bóyá àyè tó lówó wà lọ́dún tó ń bọ̀. Kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ fi CV (ìwé tó sọ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe) sí i. Tí kò bá fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ kọ sí ẹlòmíràn.

Ẹ tètè béèrè fún transcript, ìwé tó to gbogbo èsì yín ní yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ wa lè fi oṣù púpọ̀ falẹ̀. Kí ẹ tó sanwó IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ẹ fẹ́ lọ bóyá wọ́n á gba lẹ́tà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín, torí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ajẹ́ńtì tó ní òun á bá yín "mú" sìkọ́láṣíìpù, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Amẹ́ríkà sábà máa ń ti fọ́ọ̀mù ní Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Kí lẹ́tà yín ti jáde ní Oṣù Kẹsàn-án. Àyè Yúróòpù máa ń jáde nígbàkígbà. Ẹ máa yẹ EURAXESS, ìkànnì tí wọ́n ń polówó àyè ìwádìí Yúróòpù sí, wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.