San, san lára, san tán: bí a ṣe ń kọ gbèsè sísan sílẹ̀

Púpọ̀ nínú ìjà owó tó ń dé iwájú baálé tàbí àáfà àdúgbò ní Ìlọrin, kì í ṣe pé onígbèsè kọ̀, kò san. Ó san, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló dìjà. "Bàbá Ṣẹ́ú san ₦25,000." Gbogbo rẹ̀ ni, àbí díẹ̀ nínú rẹ̀?

Ohùn àárín ni san. Bí ẹ bá rẹ ohùn sílẹ̀, sàn, ọ̀rọ̀ ara aláìsàn nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e sókè, sán, àrá ló ni ín. Láti ara san la ti rí ẹ̀san àti àsansílẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn "dá owó padà". Kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá owó tí a ṣèèṣì fi ránṣẹ́ síni mu jù. Gbèsè, sísan là ń san án.

Nínú ìwé, ẹ má kọ san lásán. Ká ní ₦200,000 lẹ jẹ, ẹ sì ń san ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́jọ. Ohun tí ẹ óò kọ lóṣù kìíní ni: "Ó san ₦25,000 lára ₦200,000, ó ku ₦175,000." Ọjọ́ àti ìbuwọ́lù olówó tẹ̀ lé e. Iye tó kù yìí làwọn èèyàn ń fò, òun gan-an ló sì ń pa ẹnu asọ̀ dé, torí ẹni tó bá ṣìṣirò yóò ti rí i lóṣù kejì, kò ní dúró di oṣù kẹjọ.

Bó bá jẹ́ tíránsífà, ẹ kọ "gbèsè, oṣù kẹta" sí àyè àlàyé. Kí ẹ sì ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ta ni yóò ru owó tí báńkì bá yọ lórí tíránsífà? Bí iye tó wọlé bá dín, olówó lè ní ẹ kò tíì san pé.

Bí èlé bá wà, ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ojú owó lọ́tọ̀. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé nìkan ló dúró fún. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ojú owó kò dín. Mùsùlùmí kì í gba èlé ní tiwọn, ṣùgbọ́n ìwé kò yọ wọ́n sílẹ̀: Súrà Bákárà, áyà 282, ní kí a kọ gbèsè ọlọ́jọ́ sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí.

San tán, olówó ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: "Ó ti san án tán, kò ku kọ́bọ̀." Sára ìwé méjèèjì ni o, tiyín àti tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ yanjú gbèsè kí wọ́n tó pín ogún, ìwé yẹn sì ni àwọn ọmọ yóò gbé jáde.