Tíréè méjì, iṣẹ́ méjì: bí èmi àti àwọn ewéko mi ṣe la ọyẹ́ já ní Sùúrùlérè

Ẹ̀yìn ilé wa ní Sùúrùlérè kò fẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí àyè kọ́ ilé ewéko kékeré kan síbẹ̀. Pákó ni mo fi ṣe òpó rẹ̀, àwọ̀n dúdú ló bò ó lórí kí oòrùn má baà jó ewé, ọ̀rá tí ń fi òde hàn ló sì yí i ká. Nǹkan bí ogójì ìkòkò ni mo tò sínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ fern, irú èyí tí ń hù lára igi ọ̀pẹ, àti Calathea, tí í ṣe ìbátan ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Kò sí èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá lára mu nínú àwọn méjèèjì. Ní ìgbà òjò, n kì í bá wọn fa nǹkan kan, nítorí afẹ́fẹ́ Èkó fúnra rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí a bá sá lè lo ọjọ́ méjì lórí okùn kó tó gbẹ. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ dé ní oṣù Kejìlá, tí ètè ènìyàn ń là, ni ìjọ̀ngbọ̀n máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ra aago kékeré kan tí ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, mo sì so ó kọ́ láàárín àwọn ìkòkò náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo bá lójú rẹ̀. Ewé Calathea ti ká bí ẹní, etí wọn sì gbẹ fururu bí ìgbà tí a fi iná rà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé erùpẹ̀ inú ìkòkò tutù nígbà tí mo ti ìka bọ̀ ọ́. Omi tí mo ń bù sí ìdí wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kọ́ ni wọ́n ń wá, omi inú afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, mo máa ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá Third Mainland má baà ká mi mọ́, ìgbà tí mo bá sì fi máa padà, ilẹ̀ á ti ṣú. N kò lè dúró fọ́n omi sí ewé lọ́sàn-án.

Ibi tí mo ti ronú kan tíréè nìyẹn. Mo lọ sí ọjà Muṣin, mo ra tíréè onípáànù mẹ́rin, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, mo da omi sí wọn, mo sì gbé àwọn ìkòkò kalẹ̀ sínú omi náà. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tí mo yọ ọ̀kan jáde nínú ìkòkò, gbòǹgbò rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀ pátápátá, ó rọ̀ lábẹ́ ìka, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú. Gbòǹgbò náà ń mí, omi tó dúró sójú kan ló fún un lọ́rùn pa. Calathea mẹ́fà ló bá a lọ. Màmá mi, tí wọ́n wá sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, tún rí tanwíjí tó ń jó nínú tíréè, wọ́n ní, “Ṣé ewéko lò ń sìn ni àbí ẹ̀fọn?” N kò rí èsì fọ̀.

Ohun tó wá yé mi ni pé fífún ewéko lómi mu àti sísọ afẹ́fẹ́ tó yí i ká di tútù kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, mo sì pín tíréè sí ọ̀nà méjì.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti òkúta wẹ́wẹ́. Mo fọ òkúta, mo tẹ́ ẹ sínú tíréè dé bí íǹṣì 2, mo sì da omi sí i títí ó fi kù díẹ̀ kó dé orí òkúta. Orí òkúta ni ìkòkò jókòó lé; omi kò gbọ́dọ̀ kan ìdí rẹ̀ rárá. Ọwọ́ ni mo ṣì fi ń bu omi sí àwọn ìkòkò wọ̀nyí. Ti tíréè ni kí omi rẹ̀ máa fà sókè díẹ̀díẹ̀ gba àárín ewé kọjá.

Èkejì jẹ́ ti yanrìn, òun ló sì gba làálàá jù. Yanrìn ganran-ganran tí àwọn bíríkìlà ń lò ni mo wá, kì í ṣe ti etí òkun, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ á pa gbòǹgbò. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo tẹ́ ẹ nípọn bí íǹṣì kan ààbọ̀, mo sì rin ín gbingbin. Omi máa ń ti inú yanrìn gun inú erùpẹ̀ ìkòkò bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, ṣùgbọ́n òwú náà kò gbọ́dọ̀ já. Nítorí náà, mo yọ gbogbo àpáàdì tí mo ti tò sí ìdí ìkòkò tẹ́lẹ̀, mo tẹ ìkòkò mọ́ yanrìn, mo yí i díẹ̀ kí erùpẹ̀ ojú ihò rẹ̀ lè kan yanrìn dáadáa, mo sì bu omi sí i láti òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi ṣí ọ̀nà fún un. Síbẹ̀, apá kan gbẹ nígbà tí apá kejì di ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ bíríkìlà ló wá wò ó. Wọ́n da omi sínú rọ́bà gígùn, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì sí orí méjèèjì tábìlì tí tíréè wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi hàn mí pé ó dagun. Pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kì sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ló yanjú rẹ̀.

Nígbà tí mo ti gbogbo ọ̀rá pa, aago náà gòkè dé 61 lọ́sàn-án. Nígbà tí mo ká ọ̀rá sókè, ó já sí 43 láàárín wákàtí kan. Lójú tèmi, ẹni tó gbé tíréè olókùúta sí gbangba kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀rá ló ń dá ọ̀rinrin dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í pa tọ̀sán-tòru, ooru á mú, èbu á sì bo ewé, nítorí náà mo máa ń ṣí ojú kan lókè ní ìdájí kí n tó jáde.

Ti ẹ̀fọn kò le. Tíréè oníyanrìn kò ní omi tó hàn síta. Ti òkúta ni mo máa ń dànù ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú, tí mo sì ń fi kànìnkànìn fọ̀, kí tanwíjí má baà rí àyè dàgbà.

Omi kànga ẹ̀rọ wa tún ní èròjà ilẹ̀ nínú. Bó ṣe jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nìkan ni omi ń gbà nínú tíréè oníyanrìn, ohun tó bá wà nínú omi á dúró sójú erùpẹ̀, á sì funfun bí iyọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń gbé àwọn ìkòkò náà bọ́ sílẹ̀, mo sì ń da omi òjò tí mo gbè sínú dúrọ́ọ̀mù sí wọn lórí títí yóò fi ṣàn jáde nídìí. N kò gbé aloe àti cactus dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀tá omi ni wọ́n.

Mo tún máa ń yí ìkòkò kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí gbòǹgbò má baà gba ihò ìdí rẹ̀ wọnú yanrìn. Fern kan wà ní igun tí mo gbójú fò fún oṣù méjì. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e, gbogbo yanrìn tíréè fẹ́ bá a dìde. Mo rọra dá a padà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.