Bí Mo Ṣe Ṣe Àkọsílẹ̀ Àwọn Àfòpiná ní Àbàtà Whixall

Ní oṣù Keje, nígbà tí ooru mú díẹ̀ nílùú Òyìnbó, mo lọ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àfòpiná ní àbàtà Whixall, nítòsí ẹnubodè England àti Wales, lẹ́yìn tí àwọn tó ń mójú tó ibẹ̀ ti fún mi láyè. Píìtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn àjẹkù ewéko Sphagnum tí omi kò jẹ́ kó jẹrà tán láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, á rọ̀ wọlé bíi kànrìnkàn tó mu omi yó. Títí di 1990 ni wọ́n ń wa píìtì yìí tà, kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ sì léwu, nítorí náà ojú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí nìkan ni mo tọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná alẹ́ nìkan ni iṣẹ́ yìí gbà, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn. Iná a máa fa àfòpiná wá láti inú igbó àti oko tó yí àbàtà ká, tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àpótí oníná tí a fi ń mú wọn lè má jẹ́ ọmọ àbàtà rárá. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́ láàárín heather, igi kúkúrú tó ń hù ní àbàtà, ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń fi ọ̀pá kan ewé. Ibẹ̀ ni àfòpiná kan tí wọ́n ń pè ní Manchester Treble-bar ti fò dìde, tó tún bà sí iwájú mi: àwọ̀ eérú ni ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀já pupa rúsúrúsú sì gbà á kọjá. Cranberry, ewéko eléso pupa tó ń fà nílẹ̀ lórí Sphagnum, wà lára ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ kó tó hu ìyẹ́. Bí wọ́n bá fa omi àbàtà gbẹ, kò ní ríbi gbé mọ́.

Ilẹ̀ kì í tètè ṣú lásìkò yẹn, ó sì ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù kí n tó tan gílóòbù orí àpótí náà, èyí tí mo to páálí ẹyin sínú rẹ̀ kí àwọn àfòpiná lè ríbi sá sí. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Irú alẹ́ tí àfòpiná ń fẹ́ nìyẹn, kantíkantí náà sì ń fẹ́ ẹ.

Mo ti dé ìdí àpótí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, torí àwọn ẹyẹ tètè ń mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà. Large Yellow Underwing pọ̀ lọ súà, True Lover's Knot tó ń jẹ heather sì wà láàárín wọn. Èyí tó le ni Common Rustic àti Lesser Common Rustic: ìyẹ́ wọn kò ṣeé fi dá wọn mọ̀, àfi kí ènìyàn pa á, kó yẹ ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ wò. N kò pa á. Mo kọ ọ́ sí orúkọ àpapọ̀ tí àwọn akẹgbẹ́ mi ń lò.

Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo kọ orúkọ, iye, ibi tí mo ti rí i, orúkọ èmi tí mo rí i, àti ọjọ́, ìyẹn ọjọ́ tí mo tan iná, kì í ṣe òwúrọ̀ tí mo kà wọ́n. Mo fi kún un bóyá iná ló fà á wá tàbí ẹsẹ̀ mi ló lé e dìde. Mo tú wọn sílẹ̀ sábẹ́ heather, mo sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń yẹ àkọsílẹ̀ àfòpiná wò fún Shropshire, agbègbè tí Whixall wà, pẹ̀lú àwòrán Manchester Treble-bar, nítorí wọn kì í gba irú èyí tó ṣọ̀wọ́n láìrí ẹ̀rí.