Bí mo ṣe mú bàbá mi lọ wo ópẹ́rà ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti wo ópẹ́rà lójúkojú o, kì í ṣe ti orí fóònù. Sátidé tó kọjá ni, ní gbọ̀ngàn kan níbí ní Àkúrẹ́, wọ́n ní orin àwọn ará Ìtálì ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà eré Yorùbá. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà, ₦3,000 ₦3,000, torí mo fẹ́ mú bàbá mi dání.

Ondó ni bàbá wà. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ ópẹ́rà, mo ní eré tí wọ́n ń fi orin sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ni, tí èèyàn bá fẹ́ bèèrè omi gan-an, orin ló máa fi bèèrè ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé eré Ògúndé lò ń sọ?" Ojú tì mí, torí òótọ́ ni, 1944 ni Hubert Ògúndé ti gbé tiẹ̀ jáde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ékòó, Dúró Ládiípọ̀ náà sì gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Èmi tí mo rò pé mo fẹ́ là wọ́n lójú!

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ tètè lọ. Aago mẹ́rin ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò bẹ̀rẹ̀ títí márùn-ún fi kọjá, síbẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá la rí jókòó sí. Wọ́n pín ìwé pélébé tí ìtàn eré náà wà nínú ẹ̀, ẹ kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ o, èmi ò kà á, mi ò sì gbọ́ Italian.

Obìnrin kan ń kọrin lọ, ohùn ẹ̀ ń hó nínú máìkì bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ kú, ni iná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò tan. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni! Obìnrin yìí fi máìkì sílẹ̀, ó sún síwájú, ó la ẹnu, ohùn yẹn bá wa lẹ́yìn níbẹ̀ bíi pé ẹ̀gbẹ́ wa ló dúró sí, onípíánò náà ò dúró, àwọn èèyàn sì ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í lo máìkì fún nǹkan yìí tẹ́lẹ̀ náà, nǹkan bí 1600 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ìtálì, iná wo ló wà nígbà yẹn? Ohùn ni wọ́n ń kọ́ fún ọdún gbọọrọ títí á fi borí gbogbo ohun èlò orin. Máìkì yẹn ló ti ń bà á jẹ́ fún wa látẹ̀ẹ̀kan jàre.

Bàbá gbá mi nítan: "Ohùn rèé!" Nígbà tó wá kan eré Yorùbá, tí dùndún bẹ̀rẹ̀, wọ́n dìde, wọn ò jókòó mọ́, àwọn ni wọ́n ń gbe orin fáwọn tó wà nítòsí wa.

Alẹ́ yẹn ni mo gbé wọn padà sílé. A ti dé Ọ̀wẹ̀nà, orin ni wọ́n ṣì fi ń bi mí bóyá epo wà nínú ọkọ̀.