Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Ayẹta Oní-séráámíìkì Wò Láìfọwọ́ Kan Ìbọn

Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ló kó mi sí i. Iṣẹ́ fáíbà, ìyẹn aṣọ onídígí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù olómi mú le, ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, bọ́ńpà mọ́tò àti táńkì omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ló bá ní, "Ìwọ tó ń fi gọ́ọ̀mù mú aṣọ le bí irin, ṣé o ò lè bá wa ṣe ayẹta òyìnbó ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò."

Ẹ gbọ́ eléyìí ná: ẹ má yìnbọn lu ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, ẹ má sì wọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn àwọn tó ní kí wọ́n dán ayẹta ìbílẹ̀ wò lára àwọn, tí wọ́n sì gbé òkú wọn wálé. Ìdánwò bọ́ọ̀lù irin ni tèmi. Bí ẹ ò bá ṣọ́ra, ẹsẹ̀ yín ló máa fọ́.

Séráámíìkì tó wà nínú ayẹta òyìnbó, ohun líle tí wọ́n fi iná sun bíi táìlì, kì í dá ọta dúró bí ògiri. Ó le ju ọta lọ ni, torí náà orí ọta á fọ́ lára ẹ̀. Òun náà á fọ́, ìfọ́ ọ̀hún á kéré níwájú, á sì fẹ̀ lẹ́yìn bí ẹnu kàkàkí. Aṣọ tó wà lẹ́yìn, bíi Kevlar tí okùn rẹ̀ yi gan-an, ló ń gba èérún àwọn méjèèjì. Nítorí ìwúwo ni wọ́n ṣe ń sá fún irin: irin wọn bíi gíráàmù 7.8 ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, àmọ́ nínú séráámíìkì, alumina wọn 3.9, boron carbide wọn 2.5 péré.

Èmi ò ní alumina. Táìlì ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Òkè-Baálẹ̀ ni mo lò, mo gé e ní 30 sẹ̀ǹtímítà níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ da omi sí i bí ẹ bá ń gé e, eruku ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ẹ̀yìn táìlì títí ìyẹ̀fun funfun ibẹ̀ á fi tán, kí ẹ sá a kó gbẹ. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo yìí á mọ ìdí rẹ̀: ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró ò ní í mú un. Bẹ́ẹ̀ ni eruku ṣe rí sí gọ́ọ̀mù. Ẹ wá tẹ́ fáíbà mẹ́ta léra wọn sí i. Ẹ má da accelerator àti catalyst, oògùn méjì tó ń mú kí gọ́ọ̀mù le, pọ̀ sójú kan láé, ó lè bú gbàù. Ẹ kọ́kọ́ po ọ̀kan mọ́ gọ́ọ̀mù dáadáa kí èkejì tó wọlé.

Bó bá gbẹ tán, ẹ fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan gbogbo ara ẹ̀. (Kọ́bọ̀ tí kò ra nǹkan kan mọ́ ti ríṣẹ́ ṣe.) Ibi tó bá dún gooro ti lẹ̀. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀.

Ó ku amọ̀, tó dúró fún ara ẹni tó wọ ayẹta. Nínú ìlànà ayẹta tí NIJ, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan, gbé jáde ní 2008, ẹ̀yìn ayẹta ni wọ́n ń tẹ́ amọ̀ sí, ihò tí ìbọn bá fi sínú amọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílímítà 44 lọ. Kí wọ́n tó yìnbọn rárá, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù irin tó wọn gíráàmù 1,043 lé amọ̀ náà láti òkè mítà 2, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí ihò náà kò bá sún mọ́ mílímítà 19, amọ̀ ò tíì ṣeé lò. Ibi tí mo ti jí ọgbọ́n tèmi nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù irin tèmi fẹ̀ ní mílímítà 50, ó wọn bí ààbọ̀ kílò. Páìpù oní-mítà 2 ni mo ń jù ú gbà kó lè bọ́ sójú kan náà. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, oòrùn ọ̀sán á ti gbẹ amọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ jù ú lé amọ̀ lásán lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí àwọn ihò náà bá fi ju mílímítà 2 yàtọ̀ síra, ẹ tún amọ̀ pò. Ẹ wá gbé táìlì lé e, ẹ wọ awò tó bo ojú, kí ẹ jù ú sí àárín. Ẹ wọn ihò tó wà nínú amọ̀, ẹ tún fi kọ́bọ̀ kan ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí aṣọ ti ṣí. Ẹ ju ẹ̀ẹ̀kejì sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí ibi àkọ́kọ́, kí ẹ fi òmíràn dán etí wò. Etí ló ń dójú tì mí jù.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, iwájú ẹ̀ kàn sán bí òwú aláǹtakùn ni. Inú mi dùn, mo pe Bàbá. Wọ́n fọwọ́ mú táìlì, wọ́n gbé e: aṣọ dúró sórí amọ̀, táìlì já lé wọn lẹ́sẹ̀. Mi ò fọ ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ayẹta ẹ ti bọ́ṣọ."

Bí a bá fi joule, òṣùwọ̀n agbára, wọ̀n ọ́n, agbára bọ́ọ̀lù mi ò ju bíi 10 lọ, ti ọta AK sì tó bíi 2,000. Nítorí náà, kò sóhun tí ìdánwò yìí lè sọ fún yín nípa ọta. Bóyá aṣọ di séráámíìkì mú ló ń sọ, àti èwo ló dáa ju èwo lọ nínú méjì tí ẹ ṣe. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Nígbà wo ni kí n wá gbé tèmi?"