Bí Mo Ṣe Mọ̀ Bóyá Òṣìṣẹ́ Ni Agbaṣẹ́ṣe Wa Lójú Agbowó Orí

Ìdí ìwé owó oṣù ni mo wà ní ilé iṣẹ́ kan ní Manchester. A ní agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bá wa to àkọsílẹ̀ ọjà àti oníbàárà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kọ́ńpínnì tirẹ̀; orúkọ kọ́ńpínnì yẹn ló fi ń bá wa ṣe. Yóò fi ìnfóìsì ránṣẹ́ lóṣooṣù, a ó sì sanwó láìyọ kọ́bọ̀. Ọ̀gá mi wá ní kí n wádìí rẹ̀: bí a bá gbé kọ́ńpínnì tó wà láàárín yẹn kúrò, ṣé òṣìṣẹ́ wa kọ́ ni ọkùnrin yìí?

IR35 ni wọ́n ń pe òfin tó bí ìbéèrè yìí: bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ yọ owó orí rẹ̀ bíi ti òṣìṣẹ́. Nọ́ńbà ìwé tí àwọn agbowó orí fi kéde rẹ̀ lọ́dún 1999 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Láyé ìgbà yẹn, agbaṣẹ́ṣe ló ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Ta ni yóò wá dá ara rẹ̀ lẹ́bi? Ní 2017, wọ́n gbé ìdájọ́ náà fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbé iṣẹ́ fúnni. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2021, ó kan àwọn aládàáni ńlá àti alábọ́ọ́dé náà. Àwọn kéékèèké nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, àwa kò sì sí lára wọn. Bí a bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ọ̀dọ̀ wa ni HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, máa wá béèrè owó tí wọn kò rí gbà.

Mo ka ìwé àdéhùn. Ó dùn ún kà: agbaṣẹ́ṣe lè rán ẹlòmíràn wá ṣiṣẹ́ dípò ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pàṣẹ bí yóò ṣe ṣe é. Lọ́yà tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í wo ìwé nìkan, wọ́n máa ń wo ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́. Láti ọdún 1968, nínú ẹjọ́ Ready Mixed Concrete, ni adájọ́ MacKenna ti là á sílẹ̀. Ṣé onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n orí àti ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbowó? Ṣé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ní àṣẹ lórí rẹ̀ tó bí ọ̀gá ṣe ń ní? Ṣé ìyókù àdéhùn náà bá ti òṣìṣẹ́ mu?

Nítorí náà mo pa ìwé dé, mo lọ bá alábòójútó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Tó bá rán àbúrò rẹ̀ wá lọ́la ńkọ́?" Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Ta ló máa jẹ́ kó wọlé?" Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún ṣí ímeèlì kan hàn mí. Agbaṣẹ́ṣe wa ń tọrọ ààyè lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí ìgbéyàwó. Alábòójútó fèsì pé kò burú, ṣùgbọ́n kó parí ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn kó tó lọ. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ fúnni kì í tọrọ ààyè, ńṣe ló máa sọ pé òun kò ní sí nílé. Kọ̀ǹpútà wa ló ń lò. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ pè é ti parí tipẹ́, ohun tó bá ṣáà ti yọjú ni wọ́n ń gbé sí i níwájú. Bó bá sì ṣe àṣìṣe, a máa ń sanwó wákàtí tó fi ń tún un ṣe! Èyí ló là mí lójú jù. Télọ̀ tó gé aṣọ rẹ kù kò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sórí CEST, ibi ìbéèrè ọ̀fẹ́ tí HMRC ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ síbẹ̀, ohun tó wà nínú àdéhùn ló máa fi dáhùn, èsì tó wù ú ló sì máa rí. Ó lè ní òfin mú onítọ̀hún, ó lè ní kò mú un, ó sì lè ní òun kò lè sọ. HMRC ní àwọn á dúró lórí èsì náà bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ òótọ́. Ó ní òfin mú tiwa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kọ ìwé ìdájọ́ wa pẹ̀lú ìdí kọ̀ọ̀kan, nítorí ìdájọ́ tí kò ní àlàyé kò dúró lábẹ́ òfin, mo sì fi ránṣẹ́ sí i.

Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì jù mí lọ dáadáa.

"Àbúrò, ṣé ìwọ lo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ kọ àtakò yín ránṣẹ́. Ọjọ́ 45 lòfin fún wa láti fi dáhùn."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní oṣù mẹ́tamẹ́ta ni àdéhùn òun, àti pé ẹnikẹ́ni kò jẹ òun ní iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Ẹjọ́ àwọn rẹfirí bọ́ọ̀lù ni mo fi dá a lóhùn. Nínú ẹjọ́ PGMOL, ilé iṣẹ́ tó ń yan àwọn rẹfirí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ojúṣe lè wà láàárín rẹfirí àti ẹni tó yàn án lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, bí oníkálùkù tilẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ náà. Kò dìgbà tí wọ́n bá ṣèlérí iṣẹ́ ọ̀la kí ti òní tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́.

Ohun kejì tó kọ ni n kò rí èsì gidi fún. Ó ní a ó yọ owó orí òun bíi ti òṣìṣẹ́, síbẹ̀ a kò ní san owó ìsinmi fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Fún owó orí nìkan ni òfin yìí sọ ọ́ di òṣìṣẹ́, èmi kò sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìdáhùn wa pé òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò yí ìdájọ́ padà.

Látìgbà náà, ìdí ìwé owó oṣù ni owó rẹ̀ ń gbà kọjá. A ń yọ PAYE, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, àti National Insurance, owó adójútòfò ìjọba, tirẹ̀; àwa náà sì ń fi National Insurance ti agbanisíṣẹ́ lé e láti inú àpò ara wa, ìdá 15 nínú 100. Nígbà tí ọ̀gá rí iye yẹn, ó ní ká kúkú fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ ní tòótọ́, pẹ̀lú ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀gbọ́n ní òun máa kọ́kọ́ bá ìyàwó òun sọ ọ́ ná.