Bí a ṣe ń yọ ojú igi lára bàbà àti fàdákà

Bí ẹ bá rí òrùka tí ojú rẹ̀ rí bí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tí pupa àti funfun ń wọnú ara wọn, kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Mokume-gane ni, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Japan tí wọ́n ti ń lẹ irin aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ kí ojú wọn lè rí bí igi. Shoami Denbei (1651–1728), alágbẹ̀dẹ ará Akita ní Japan, ni wọ́n gbà pé ó pilẹ̀ rẹ̀, ara idà àwọn samurai, ìyẹn àwọn jagunjagun Japan, ni wọ́n sì fi ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí ìjọba fòfin de gbígbé idà kiri ní 1876, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Ẹ fi bàbà àti fàdákà tí kò ní àdàlù bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé wọn ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n nípọn tó mìlímítà kan. Mọ́kànlá ni èmi máa ń tò: bàbà, fàdákà, bàbà, títí dé orí.

Ìmọ́tótó ni iṣẹ́ yìí gan-an. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jù nìyẹn. Ẹ fi sáńpépà àti omi ha ojú kọ̀ọ̀kan títí omi yóò fi tẹ́ lé e pẹrẹsẹ. Bí omi bá ń ṣù jọ, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀ mọ́. Etí nìkan ni kí ẹ máa dì mú. Ibi tí ọ̀rá bá wà kò ní lẹ̀, òòlù ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ kì wọ́n sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì tí ẹ ti fi amọ̀ ra, kí ẹ fi bóòtù dè wọ́n pinpin. Ẹ gbé e sínú àpótí irin tí èédú kún inú rẹ̀. Èédú ni yóò jẹ afẹ́fẹ́ tí ì bá sọ bàbà di dúdú. Ẹ ṣọ́ ooru gidigidi. Fàdákà nìkan kì í yọ́ àfi ní 962°C, bàbà ní 1085°C, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti fara kanra, 779°C ti tó. 750°C ni mo máa ń fi ààrò iná mànàmáná mi sí, láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀.

Bó bá tutù, ẹ fá etí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó là. Ẹ máa lù ú tẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dá a padà síná bó bá ti ń le, títí yóò fi ku bí ìdajì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ fi irin ṣóńṣó lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí iwájú wú ní kókó-kókó, kí ẹ wá fi fáìlì fá kókó náà dọ́gba. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ á máa yọjú ní òbírí-òbírí, ojú kùkùté gan-an! Bí ìlà gígùn lẹ bá fẹ́, ẹ fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ iwájú rẹ̀, àmọ́ kí ó má kọjá ìdajì ìnípọn rẹ̀, kí ẹ sì lù ú tẹ́ padà.

Ní ti àwọ̀, àwọn ará Japan máa ń sè é nínú omi rokusho, ìyẹn èròjà bàbà tí wọ́n fi ń yí àwọ̀ irin padà: bàbà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fàdákà á ṣì funfun.

Bàbà àti fàdákà dára fún yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti èèkù ọ̀bẹ. Fún òrùka ìgbéyàwó, mi ò gbà á níyànjú, torí òógùn ọwọ́ máa ń jẹ bàbà tó bá yá. Wúrà àti fàdákà ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì fi wúrà tẹ́ inú rẹ̀.